Kí Ni Ọmọ Mi Ń Bá Agbaninímọ̀ràn Sọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kúrò ní ọmọdé ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì di àgbà. Ọmọ tí ó máa ń ròyìn gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 8 lè di ẹni tí kò ní ju “Kò sí nǹkan kan, mà” lẹ́nu mọ́ nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 14. Oúnjẹ kò wù ú jẹ, kò sùn dáadáa, ìwé tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù wúwo fún un. Bí a bá sì bi í léèrè, a yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá a gbààwẹ̀, bàbá a fi ohùn líle sọ̀rọ̀, àwọn ẹbí a bẹ̀ ẹ́. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Nígbà tí ẹnì kan bá wá gba ìyá níyànjú pé kí ó mú ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ìyá lọ́kàn ni pé: kí ni ọmọ mi fẹ́ máa bá àjèjì yìí sọ tí kò lè bá èmi tí mo bí i sọ?

Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó gbé oyún fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ó pọn ọmọ, tí ó sì ń sá sókè sá sódò nítorí owó ilé-ìwé, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ṣe dáhùn ìbéèrè yìí nínú ọkàn ara rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ìtọ́jú náà yóò so èso tàbí yóò já sí asán. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ bí ọ̀dọ́langba ṣe ń fọkàn tán ẹni tí ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, ohun tí ó ń ba ìfọkàntán náà jẹ́, àti ipa tí ìyá ní láti kó. Kì í ṣe àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ ọdún 3 tí ń fa ìró wa lónìí, bí ọdún méje péré ni ó kù kí ó di ọ̀dọ́langba.

Níbi tí ògiri ti ní etí

Ní agbègbè Àlímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, ìdí pàtàkì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye ènìyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilé ìdáná kan àti ẹ̀rọ omi kan. Bí bàbá bá bá ọmọ wí ní yàrá kìn-ín-ní, àwọn tí ó wà ní yàrá ìkẹyìn ti gbọ́. Ohun tí ọmọbìnrin bá sọ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́, bí ìyá náà kò bá ṣọ́ra, a ti di ọ̀rọ̀ ìdí omi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán.

Kì í ṣe pé àwọn aládùúgbò burú. Àwọn kan náà ni wọ́n ń bá wa wo ọmọ nígbà tí a bá lọ sí ọjà Ìkòtún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láti kékeré: pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti jáde lẹ́nu kì í ṣe ti ẹni tí ó sọ ọ́ mọ́. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Nítorí náà ni ọmọ ṣe pa ẹnu mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tí ó wà láàrin ọdún 10 sí 19 sí ọ̀dọ́langba, ó sì sọ pé káàkiri ayé, ẹnì kan nínú 7 wọn ni ó ní ìṣòro ọkàn kan tàbí òmíràn. Ìbànújẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àyà tí ń já ṣáá wà nínú rẹ̀. Ìgbà yìí kan náà ni ara ń yí padà, tí ìdánwò ń rọ́ lu ìdánwò, tí ojú sì ń ti ọmọ ju ti ìgbà kankan rí lọ. Ní ọdún 1967, David Elkind, onímọ̀ ìrònú ọmọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọ̀dọ́langba a máa rò pé gbogbo ènìyàn ni ó ń wo òun, bí ẹni tí ó dúró lórí ìtàgé. Ẹ wá ro bí yóò ti rí lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí a ní kí ó jókòó níwájú àjèjì, kí ó tú inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí a mú wá kọ́ ni ẹni tí ó wá

Bí àgbàlagbà bá lọ sí ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi lọ. Ọ̀dọ́langba kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó fà á lọ́wọ́, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni ó pàṣẹ. Kí ó tó wọlé, ó ti sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé: àgbà mìíràn tún rèé tí yóò gbè sẹ́yìn ìyá mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ agbaninímọ̀ràn ni láti fi hàn pé òun kì í ṣe ọlọ́pàá tí ìyá rán níṣẹ́, òun kì í sì í ṣe ọ̀tá ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó báyìí. Ìyá kan láti Ìgàndó mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 15, wá. Kí wọ́n tó jókòó tán ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi í o. Láti sáà tó kọjá ni kò ti ka ìwé mọ́. N kò mọ ohun tí ó wọ inú rẹ̀.” Ọmọ dorí kodò. Agbaninímọ̀ràn tí kò mọ iṣẹ́ yóò kọjú sí ọmọ, yóò ní, “Ṣé o ń gbọ́ ohun tí màmá rẹ ń sọ? Kí ló dé tí o ń ṣe báyìí?” Láti ìṣẹ́jú náà ni ọ̀ràn ti bàjẹ́, nítorí pé ọmọ ti rí àgbà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, òun nìkan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kí ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò dúpẹ́ pé ó wá, lẹ́yìn náà yóò bi ọmọ pé orúkọ wo ni ó fẹ́ kí òun máa pè é. Yóò wá sọ pé, “Màmá ti sọ bí ó ti rí lójú wọn. Mo fẹ́ gbọ́ bí ó ti rí lójú tìrẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí o sọ ọ́ lónìí.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fún ọmọ ní ohun tí kò rò pé òun yóò rí gbà níbẹ̀, èyíinì ni àyè.

Àdéhùn ọjọ́ kìn-ín-ní

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni àdéhùn, a kì í sì í ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Níwájú ìyá àti ọmọ ni agbaninímọ̀ràn yóò ti sọ pé: “Ohun tí ọmọ yìí bá bá mi sọ nínú yàrá yìí, n kò ní í tún un sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin màmá rẹ̀, àfi ohun mẹ́ta. Bí ó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, bí ó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, tàbí bí ẹnì kan bá ń fi ìyà jẹ ẹ́ tàbí tí ó ń bá a ṣe ìṣekúṣe, n kò lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan kí n sọ, òun ni n ó kọ́kọ́ sọ fún, a ó sì jọ gbèrò bí a ó ti sọ ọ́.”

Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú àdéhùn yìí. Agbaninímọ̀ràn tí ó bá ṣèlérí fún ọmọ pé òun kò ní í sọ ohunkóhun láéláé ti purọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá jẹ́wọ́ pé òun ti ra oògùn láti gbé mì ni irọ́ náà yóò já, ìfọkàntán yóò sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ààlà ṣáájú, ọmọ mọ ibi tí òun ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò dán an wò. Yóò sọ àṣírí kékeré kan, bóyá bí ó ti sá kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, yóò sì máa wo ojú ìyá rẹ̀ nílé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bí ìyá kò bá mú un bọ ẹnu, ọmọ mọ̀ pé àdéhùn náà dúró. Ìgbà náà ni yóò tó sọ èyí tí ó tóbi.

Kókó kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ìyá há sórí: àṣírí náà de agbaninímọ̀ràn, kò de ọmọ. Ọmọ ní àǹfààní láti sọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Agbaninímọ̀ràn rere kì í sọ fún ọmọ pé, “Má jẹ́ kí màmá rẹ gbọ́.” Èyí ni ìyàtọ̀ láàrin àṣírí tí ń woni sàn àti èyí tí ń pani. Àgbàlagbà tí ó bá ń bá ọmọ dá àṣírí tí ìyá kò gbọdọ̀ gbọ́, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ aládùúgbò, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń wàásù, ẹ yára gba ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Àrò kọ́ wa

Àwọn kan lè sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ìyá jókòó síta nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú yàrá, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, àìsàn ẹnì kan, àìsàn gbogbo ẹbí ni. Òtítọ́ wà nínú èyí, ìtàn ilẹ̀ wa sì jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Àrò ní ìlú náà. Dípò kí ó ti gbogbo àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́ inú ọgbà, ó ṣètò kí àwọn kan nínú wọn máa gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn náà, láàrin àwọn ará abúlé. Ó kéré tán, ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa tẹ̀lé e lọ gba ìtọ́jú. Òkìkí Àrò kàn dé ilẹ̀ òkèèrè, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ará ilé jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ará ilé ń ṣe ní Àrò: ó ń dáná, ó ń bá aláìsàn rìn, ó ń fi hàn pé a kò ta á nù. Wíwà nítòsí yàtọ̀ sí ṣíṣe ọ̀fíntótó. Ìyá tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tí ó mú omi tútù àti ìpápánu dání de ọmọ rẹ̀, kò sí lẹ́yìn ìtọ́jú náà rárá. Inú rẹ̀ gan-an ni ó wà.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà

Bí ìlẹ̀kùn bá ti wá tì, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá? Ohun tí ó rọrùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà tí ń tọ́jú ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà ti ní ètò ìbéèrè kan tí ó ti tàn káàkiri: a ó kọ́kọ́ béèrè nípa ilé, lẹ́yìn náà ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ àti eré, ẹ̀yìn èyí ni a ó tó dé orí oògùn olóró, ọ̀rọ̀ láàrin ọkùnrin àti obìnrin, àti bóyá ayé ti sú ọmọ náà rí. Ẹni tí ó bá fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kùn ni yóò fi orí sọ. Ẹ má sì ṣe bẹ̀rù ìbéèrè tí ó kẹ́yìn náà. Bíbi ọmọ léèrè ní pẹ̀lẹ́ bóyá ó ti ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún ọmọ tí ó ti ń nìkan gbé e.

Ojú wíwò tún jẹ́ ọ̀ràn kan. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó, wọ́n á ní kí agbaninímọ̀ràn àti oníṣòro máa wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí ó bá ń wo ilẹ̀, kì í ṣe pé ó ń purọ́ tàbí pé ó ń ṣe agídí. Ọ̀wọ̀ ni ó lè jẹ́, ìtìjú ni ó sì lè jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ dípò iwájú rẹ̀, yóò gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ tàbí kí ó fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, tí ojú sì ní ibi tí yóò máa wò, ẹnu a máa là. Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé: ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní í sọ̀rọ̀ bí a bá pè é jókòó ni yóò sọ ọ́ bí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ jọ ń gé ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi pe ìṣòro rẹ̀ ni agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ máa lò. Ní ìlú Harare ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 2006. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò ní bí a ti ń gbọ́ ìṣòro ènìyàn, wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi ní ọgbà ilé ìwòsàn, tí àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ń wá bá wọn. Àwọn ìyá wọ̀nyí kì í fi orúkọ àìsàn tí ń dẹ́rù bani pe ohun tí ń ṣe ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Shona kan tí ó túmọ̀ sí ríronú àròjù ni wọ́n ń lò. Ọmọ tiwa náà lè sọ pé, “Orí mi kún,” tàbí “Àyà mi ń já.” Bí a bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, yóò mọ̀ pé a gbọ́ òun. Kò sì yẹ kí àgbà máa sín èdè ìgboro àwọn ọmọ jẹ. Wọn kò wá ẹlẹ́gbẹ́. Àgbà tí ó ṣe é fọkàn tán ni wọ́n ń wá.

Ó tún ṣe pàtàkì kí ọmọ ní ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ rí gbà nínú ìtọ́jú náà. Ní ọdún 1979, Edward Bordin, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni ó so ẹni tí ń tọ́jú àti ẹni tí a ń tọ́jú pọ̀: ìfẹ́ tí ó wà láàrin wọn, ìfohùnṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, àti ìfohùnṣọ̀kan lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà débẹ̀. Ìyá fẹ́ kí ọmọ yege nínú ìdánwò WAEC. Ọmọ lè má fẹ́ ju kí àyà òun má já mọ́ bí olùkọ́ bá pe orúkọ òun ní kíláàsì. Agbaninímọ̀ràn tí ó gbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ fẹ́, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ náà ni a ń gbà dé ibi tí ìyá fẹ́.

Ní àkótán, nǹkan kéékèèké ni ó ń kọ́ ilé ìfọkàntán. Bí agbaninímọ̀ràn bá ní aago 4, kí ó jẹ́ aago 4. Bí ó bá ṣì ọmọ gbọ́, kí ó sọ pé, “Má bínú, n kò gbọ́ ọ yé.” Ọmọ tí àgbà kò bẹ̀ rí kì í gbàgbé àgbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ìyá ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti le jù fún abiyamọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin Ìgàndó tí a fojú inú wò lẹ́ẹ̀kan. Ní ìpàdé kẹrin, ó lè jẹ́ ohun tí yóò sọ ni pé òun kì í sùn lóru, pé òun a máa dùbúlẹ̀ láìmira, tí òun a máa tẹ́tí sí bí bàbá àti ìyá òun ti ń jà lórí owó, àti pé nígbà tí òun bá dé kíláàsì, oorun ni ó ń gbé òun lọ. Kò sí ẹ̀mí kankan tí ó wọ inú rẹ̀. Ìfẹ́ tí ó ní sí ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ fún ìyá, nítorí pé kò fẹ́ dá kún ẹrù tí ó rí lórí rẹ̀.

Bí ìyá bá fi agbára gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu agbaninímọ̀ràn lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun méjì ni yóò sọnù: ọmọ kò ní í padà wá mọ́, bí nǹkan tí ó burú ju èyí lọ bá sì ṣẹlẹ̀ sí i lọ́la, kò ní í sọ fún àgbà kankan. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá mú sùúrù, agbaninímọ̀ràn yóò ran ọmọ lọ́wọ́ láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, wọn yóò sì pe ìyá wọlé. Ọmọ náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Màmá, ìjà alẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.” Òdodo ọ̀rọ̀ ni èyí, ó sì lè dun ìyá. Síbẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ohun tí ọmọ ń bá agbaninímọ̀ràn sọ, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ohun tí ó ń kọ́ bí òun yóò ti bá ìyá òun sọ.

Ohun tí òfin wí

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ pé ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti ní ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kan náà kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ òbí láti máa bójú tó ọmọ bí ó ti yẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni a sì fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọkàn fún gbogbo Nàìjíríà, dípò òfin àtijọ́ tí kò wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ju wèrè lọ.

Ipa tí abiyamọ yóò kó

1. Bí ẹ bá jáde lọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nínú kọ̀rọ̀pẹ̀. “Kí lẹ sọ? Ṣé ó dárúkọ mi?” Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń tú gbogbo ohun tí a ti dì ká. Ẹ béèrè bóyá ebi ń pa á. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sọ ọ́.

2. Ẹ má ṣe fi ìtọ́jú halẹ̀ mọ́ ọmọ. “N ó sọ fún Àǹtí yẹn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀” ń sọ ibi ìsinmi di ilé ẹjọ́.

3. Ẹ má ṣe ròyìn ọmọ yín fún aládùúgbò, fún ẹgbẹ́ àdúrà tàbí fún àwọn àbúrò ọkọ, kódà bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ rere lọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ.

4. Ẹ mọ ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn: irú ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, iye owó, ọjọ́ tí ọmọ wá àti ọjọ́ tí kò wá, bóyá nǹkan ń dára sí i, bóyá ewu wà, àti ohun tí ẹ̀yin lè ṣe nílé. Èyí pọ̀ tó láti bójú tó ọmọ láìfi ọwọ́ wọ inú ọkàn rẹ̀.

5. Bí ọmọ bá wá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́kọ́ kọjá kí ẹ tó pariwo, kí ẹ tó sunkún, kí ẹ tó gbàdúrà. Ẹ ní, “O ṣeun tí o sọ fún mi.” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

6. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ọmọ ọdún 5 bá sọ fún yín pé ó tọ̀ sílé, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀rín fún àwọn ará ilé. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wò yín bóyá inú yín gba ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ibi tí a lè lọ

Agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé ni ó súnmọ́ wa jù. Kì í sì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa: ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan, St. Theresa’s College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ni wọ́n sọ pé irú ìgbaninímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1959, nígbà tí wọ́n pe àwọn tí ó mọ̀ nípa oríṣiríṣi iṣẹ́ wá láti tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ jáde sọ́nà.

Àwọn tí ń gbé Àlímọ̀ṣọ́ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó, kí wọ́n ní kí dókítà fún wọn ní ìwé lọ sí ibi tí ó yẹ. Ilé ìwòsàn ọkàn ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba ní Òṣòdì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti fipá bá ọmọ lò, ilé ìtọ́jú Mirabel wà ní ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013. Ẹ tètè lọ, ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn náà, ibùdó kan wà tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa ìlera ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Ẹni tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú àìsàn ọkàn ní Nàìjíríà.

Ibikíbi tí ẹ bá lọ, ẹ wo bí wọ́n ti gba ọmọ yín lálejò. Ibi tí ó dára kì í fara pamọ́. Wọn yóò sọ àdéhùn wọn níwájú yín, wọn yóò dáhùn ìbéèrè yín láìbínú, wọn yóò sì bọ̀wọ̀ fún ọmọ bí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún yín.

Ẹ̀yin abiyamọ, a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹlòmíràn lórí ọmọ wa láti ọjọ́ tí agbẹ̀bí ti gbà á. Nígbà náà, a kò sọ pé agbẹ̀bí fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ń tọ́jú ọkàn ọ̀dọ́langba pẹ̀lú kò wá gba ọmọ. Ó wá ràn wá lọ́wọ́ kí ọmọ náà lè tún wa rí ni. Kí a fi sùúrù jókòó síta fún ìwọ̀nba wákàtí náà, kí a sì jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi tí ọmọ lè sọ ọ̀rọ̀ sí nígbà tí ó bá padà dé.